Bọ́ọ̀sì iléèwé ayé àtijọ́: Òyìnbó ń ṣìkẹ́ tiwọn, kìlò-kìlò ni wọ́n ń ta t'Èkó fún onírin

Ẹni tó bá mọ Ìkòtún dáadáa, tó mọ ọ̀nà tó gba Ìdímù já sí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí tó ń gba Ìgàndo kọjá lójoojúmọ́, yóò ti rí irú ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì ńlá kan tí táyà ẹ̀ ti rì wọlẹ̀, tí koríko ti hù gba ojú fèrèsé ẹ̀ jáde, tí wọ́n pa tì sẹ́yìn iléèwé tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Tónítọ̀hún bá fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó ṣeé ṣe kó ṣì rí lẹ́tà dúdú tó ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́ tán, orúkọ iléèwé kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Adìẹ ló ń yé ẹyin sínú ẹ̀ báyìí. Nígbà míì, ibẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ ń kó ìkòkò ẹ̀ pamọ́ sí lálẹ́. Ọjọ́ tí onírin bá fi dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti iná tí wọ́n fi ń gé irin, ọjọ́ náà ni ìtàn bọ́ọ̀sì yẹn parí pátápátá.

Kò sẹ́ni tó máa sunkún tì í. Àwọn ará àdúgbò á ní ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀gá iléèwé á ní òun rówó díẹ̀ fi tún òrùlé ṣe, onírin á ní Ọlọ́run ṣe é, òun jèrè. Tẹ́nì kan bá wá yọjú pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gé e, pé òun fẹ́ tún un ṣe kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, wọ́n á wo onítọ̀hún lókè-nílẹ̀, wọ́n á sì máa béèrè láàárín ara wọn pé ṣé orí ẹ̀ pé báyìí. Bẹ́ẹ̀, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní orí ò pé yìí pọ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún bíi yanrìn, ohun tí wọ́n sì ń rí nídìí ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì iléèwé ti lórúkọ jù. Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ abúlé wọn lọ síléèwé. Nígbà tí mọ́tò dé, pákó ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe bọ́dì ẹ̀, ṣùgbọ́n pákó kì í pẹ́ tú lójú ọ̀nà tí kò dáa. Lọ́dún 1927, ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò Ford nílùú Fort Valley, ní ìpínlẹ̀ Georgia, Albert Luce lorúkọ ẹ̀, fi irin ṣe bọ́dì bọ́ọ̀sì kan. Iṣẹ́ yẹn ló di iléeṣẹ́ Blue Bird tó ṣì ń ṣe bọ́ọ̀sì iléèwé títí dòní. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Wọn ò gé e fún onírin o. Ó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù Henry Ford nílùú Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lè fojú rí i.

Àwọ̀ pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó ń pọ́n, tó wà lára bọ́ọ̀sì iléèwé Amẹ́ríkà náà ní ìtàn tiẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1939, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Frank Cyr, ní Teachers College ti Yunifásítì Columbia nílùú New York, pe ìpàdé ọlọ́jọ́ méje. Àjọ Rockefeller ló fi 5,000 dọ́là ran ìpàdé náà lọ́wọ́. Aṣojú ti gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn wá, àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀sì wá, àwọn tó ń ta ọ̀dà náà wá. Ìlànà 44 ni wọ́n fẹnu kò sí, lórí bí bọ́ọ̀sì iléèwé ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ ní. Ìdí tí wọ́n fi mú àwọ̀ yẹn ni pé ojú tètè ń rí i láàárọ̀ kùtù nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, lẹ́tà dúdú sì máa ń hàn kedere lára ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe fáàrí lásán, ẹ̀mí ọmọ ni wọ́n ń rò.

Nígbà tí irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ bá darúgbó, oríṣiríṣi nǹkan ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà lọ sí Guatemala, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún, tí wọ́n á sì fi máa kó èrò láti ìlú dé ìlú. Àwọn mìíràn, tọkọtaya kan lè rà á, kí wọ́n yọ gbogbo àga inú ẹ̀ dànù, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná síbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé tí wọ́n ń wà kiri. Ṣùgbọ́n àwọn tọ́rọ̀ kàn jù lónìí ni àwọn tí kò yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn wọ̀nyí á wá bọ́ọ̀sì ọdún 1940 tàbí 1950 lọ sínú oko olóko, wọ́n á rà á, wọ́n á wọ́ ọ délé, wọ́n á sì fi ọdún méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, títí dórí ìtẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ ẹ̀ àti agogo tí ọmọ fi ń sọ pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń fi owó oṣù gbádùn ni, bí ẹlòmíì ṣe ń náwó sórí aṣọ ẹbí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London náà mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹni tó bá gbé Peckham tàbí Camberwell rí, yóò rántí bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì tí wọ́n ń pè ní Routemaster, tí èèyàn ń bẹ́ gùn láti ẹ̀yìn, tí kọndọ́ sì ń gbowó nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì 36 tó ń gba Peckham kọjá ṣì ń lò ó títí dìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005. Nígbà tó máa fi di oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba London kó o kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gidi. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n sáré lọ rà á. Oníkálukú ń tọ́jú tiẹ̀ sábẹ́ òrùlé, wọ́n ń fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì ní mùsíọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì London kan nílùú Weybridge, níbi tí àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ti ń fọwọ́ ara wọn tún bọ́ọ̀sì ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ó dáa, Èkó ńkọ́? Ṣé Èkó ò ní bọ́ọ̀sì tó tó ohun àmúyangàn ni? Ó ní in, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òmìnira tó dé ni iléeṣẹ́ Zarpas ti ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láàárín ìlú, lọ́wọ́ ẹ̀ sì ni ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ti ra bọ́ọ̀sì lọ́dún 1958 láti fi dá LMTS sílẹ̀. Bọlẹ́kájà náà wà ńbẹ̀, mọ́tò Bedford onípákó tí èrò ń kọjú síra wọn, tí orúkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mọ́lúẹ̀ dé, tó gba ìgboro kan. Fẹlá fi irú àhámọ́ tí èrò máa ń há nínú bọ́ọ̀sì Èkó kọrin nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó pè ní "Shuffering and Shmiling" lọ́dún 1978, kò sì sí ọmọ Èkó ayé ìgbà náà tí kò mọ ohun tó ń wí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò nípa mọ́lúẹ̀ rèé o. Kì í ṣe òyìnbó ló ṣe é. Ohun tó ti òkè òkun wá kò ju ṣáásí Mercedes-Benz 911 lọ, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì dísù ojú mẹ́fà tó tóbi tó bíi lítà 5.7. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n tiẹ̀ ṣe é fún. Gbogbo èyí tó kù, látorí bọ́dì dé àga, látorí ilẹ̀kùn dé irin tí èrò ń dì mú, àwọn wẹ́dà àti panẹ́bítà ilẹ̀ yìí ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọn ò yàwòrán sórí bébà. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, okùn ni wọ́n fi ń gbá a, ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Irú ṣáásí kan náà ni ọ̀pọ̀ iléèwé náà gbé bọ́dì lé láyé ìgbà yẹn, nígbà tí àwọn òbí bá dáwó jọ tàbí tí àwọn tó ti jáde níléèwé bá ṣe kóríyá. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì iléèwé tuntun bá wọlé, ọjọ́ ọdún ni. Wọ́n á fi ewé ọ̀pẹ sí i níwájú, pásítọ̀ á gbàdúrà, lèmọ́ọ̀mù náà á ṣe tiẹ̀, àwọn ọmọ á wá máa du ibi ojú fèrèsé.

Ibi tó ti yẹ kí èèyàn ronú gan-an nìyí. Tí gbogbo bọ́ọ̀sì Blue Bird ayé yìí bá jóná mọ́jú, iléeṣẹ́ wọn ní ìwé àti àwòrán tí wọ́n lè fi ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n orí àwọn wẹ́dà ni ìwé mọ́lúẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, òmíràn ti lọ sọ́run. Tí wọ́n bá gé èyí tó kẹ́yìn, kò síbi tí wọ́n ti lè bèèrè fún un mọ́ láyé yìí. Ó lọ nìyẹn.

Ó sì ti ń lọ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, látìgbà náà ni agbára mọ́lúẹ̀ ti ń dín kù. Nígbà tó di ọdún 2017, Gómìnà Akinwunmi Ambọ̀dé tún kéde pé òun fẹ́ kó dánfó gan-an kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n dánfó ṣì ń ná Ìyànà-Ìpájà sí Ìkòtún títí dòní. Kò sẹ́ni tó ní kí ìlú má tẹ̀ síwájú. Mọ́lúẹ̀ ya aṣọ àwọn èèyàn, ó gba ẹ̀mí àwọn kan, èéfín ẹ̀ ò sì dáa. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀tọ̀ sì ni kó pa rẹ́ bí ẹni pé kò wáyé rí.

Ẹ wo dánfó Volkswagen ayé àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kò ní rédíétọ̀, tí kò mu omi rárá torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ú lára. Ọdún 1950 ni Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ yẹn, Brazil ló sì ṣe é kẹ́yìn lọ́dún 2013. L'Ékòó, àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kórókóró ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, nílé iṣẹ́ àwọn tó ń lu mọ́tò àtijọ́ ní gbàǹjo l'Ámẹ́ríkà, wọ́n ta ọ̀kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1965 ní iye tó lé ní 300,000 dọ́là. Dánfó o! Lóòótọ́, irú èyí tó ní fèrèsé púpọ̀, tí wọ́n tún ṣe títí tó fi ń dán bíi dígí ni, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pa irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí èèyàn kan ń fi ṣílé adìẹ, ẹlòmíì ń fi kọ́lé.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí ò mọ nǹkan tọ́jú. Mẹ́sẹ́dísì tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ọdún 1976, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, ojú ìbọn ṣì wà lára ẹ̀. Ilé Jaekel tó wà lọ́gbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń rí ohun ìrántí rélùwéè. Bọ́ọ̀sì táwọn mẹ̀kúnnù ń wọ̀ ni kò rí ẹni gbà á sílẹ̀, bóyá torí pé ojú rí i jù.

Tó bá jẹ́ ti ọwọ́ tó lè ṣe é ni, Alímọ̀ṣọ́ ò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Nàìjíríà tó tó o. Nínú èrò tó tó yẹn, mẹkáníìkì, wẹ́dà, panẹ́bítà, réwáyà, pẹ́ńtà àti àwọn tó ń rán àga mọ́tò kún gbogbo àdúgbò, láti Akọ́wọnjọ dé Ìjẹ̀gùn. Sípéà páàtì tí kò bá sí nítòsí, wọ́n á rí i ní Ládípọ̀ tàbí Òwódé-Onírin. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ dáadáa ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n lẹ mọ́tò àti kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹni tó ń lẹ mọ́tò, ó fẹ́ kó jáde lọ́la. Ibi tó bá ti jẹrà, á da fílà lé e, á kùn ún, ó parí. Ẹni tó ń tún un ṣe ò gbọ́dọ̀ kánjú. Kó tó tú nǹkan kan, á kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ara ọkọ̀ náà, inú àti ìta. Nọ́ọ̀tì tó bá tú, á dì í sínú ọ̀rá, á kọ ibi tó ti tú u sí i lára. Á fi sáǹdìpépà rọra ha ọ̀dà ara ẹ̀, torí lábẹ́ ọ̀dà òní ni tàná wà, ibẹ̀ ló ti máa mọ àwọ̀ tí bọ́ọ̀sì náà ní nígbà tó dé àti bí wọ́n ṣe kọ orúkọ iléèwé náà. Á gé gbogbo irin tó ti dípẹtà dànù títí tó fi máa kan irin tó dáa, kó tó jó tuntun mọ́ ọn. Á kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dípẹtà kó tó kan àwọ̀ gidi. Wáyà tó ti gbó, kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun á fi téèpù wé e, á pààrọ̀ ẹ̀ ni, torí ibẹ̀ ni iná ti ń ṣẹ́yọ. Tó bá wá parí, abẹ́ òrùlé ni ibùgbé ẹ̀. Omi òjò àti eku ni ọ̀tá bọ́ọ̀sì àtijọ́ méjèèjì, omi ń jẹ ìdí ẹ̀, eku ń jẹ wáyà ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tó jù gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ. Bó ti wù kí bọ́ọ̀sì àtijọ́ dán tó, ohun ìrántí ni, kò gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi kó ọmọ lọ síléèwé láràárọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá mọ èyí. Lọ́dún 1977 ni òfin ààbò tuntun dé lọ́dọ̀ wọn, tó ní kí àga bọ́ọ̀sì iléèwé ga sí i kó sì lágbára sí i, kí ìsopọ̀ irin bọ́dì ẹ̀ má sì tètè já tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà náà kò ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Kí wá ni kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń lo bọ́ọ̀sì tí bíréèkì ẹ̀ kì í mú, tí wọ́n kan pákó mọ́ àga ẹ̀, tó ń fún ọmọ ogún síbi tó yẹ kí ọmọ mẹ́wàá jókòó, tó wá kọ "Ṣọ́ra, ọmọ wà nínú ọkọ̀" sẹ́yìn ẹ̀? Ìyẹn ò tún bọ́ọ̀sì ṣe, ẹ̀mí ọlọ́mọ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Òbí tó bá ń sanwó bọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndo lẹ́tọ̀ọ́ láti wọnú ọkọ̀ náà, kó wo táyà, kó wo bẹ́líìtì, kó sì béèrè ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀. Kó má wulẹ̀ tijú. Ẹni tó bínú sí i pé ó béèrè, nǹkan ló ń fi pamọ́.

Àwọn wo ló wá yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe yìí? Kì í ṣe ìjọba ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa wò lójú. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níléèwé ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àpéjẹ, wọ́n á rán ankara, wọ́n á pe eléré, wọ́n á náwó lórí àmàlà àti ẹran. Tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá yọ ìdá kan nínú owó àpéjẹ ọdún kan, kí wọ́n fi gba bọ́ọ̀sì iléèwé wọn lọ́wọ́ onírin, kí wọ́n gbé e fún wẹ́dà àgbà kan tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n sì ní kó máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é lọ. Kí ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú fóònù, kó máa ká ohùn àti àwòrán bàbá náà sílẹ̀. Ohun tí kò sí lórí bébà rí, ó ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Tó bá parí, kí wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé lọ́gbà iléèwé, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa irin àti ẹ́ńjìnì máa fi ṣe ẹ̀kọ́. Àpéjẹ ọdún yẹn á ní ìtumọ̀ ju èyí tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀.

Onírin ò ní ẹ̀bi o. Iṣẹ́ ajé ẹ̀ ló ń ṣe, kò sì gé ohun tí wọn ò tà fún un. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀sì àtijọ́ bí ìdọ̀tí ló yẹ kó tún ojú wò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní tí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tó kù lára bọ́ọ̀sì Èkó, ó ń bẹ lẹ́yìn iléèwé kan níbì kan ní Alímọ̀ṣọ́ báyìí, adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kó tètè lọ bá ọ̀gá iléèwé náà sọ̀rọ̀, kó tó di pé onírin gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ dé.